Ọkùnrin Tí Mo Fi Sínú Àwòrán Ọjà Tube

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe dùn tó. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ látorí ẹkún, ẹ ó rò pé ọmọ ọ̀dájú kan ló jókòó tó gbèrò ibi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni mo ń rín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Toheebat lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí lọ́dún tí wọ́n ti bọ́dà pa. Mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Tísà ìṣirò ní kí n lọ mú bàbá mi wá nítorí alángbá tí mo fi sínú báàgì wọn. N kò mú bàbá mi lọ, n kò sì mú ara mi padà.

Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Bánjí ní Ìlaró ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ń ya pásípọ́ọ̀tù, a ń ṣe fọ́tókọ́pì, a ń tẹ ìwé fáwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n Bánjí yìí náà ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, ẹgbẹ́ àwa tá a fẹ́ràn fọ́tò. Ojú Yewa là ń pè é. Tísà Akínladé wà níbẹ̀ láti Ayétòrò, ẹyẹ ni wọ́n máa ń yà. Kòkúmọ́ wà níbẹ̀, àgbẹ̀ ni ní Tube, ọjà àti ojú ọ̀nà bọ́dà ló máa ń yà. Kò sẹ́ni tó ní kámẹ́rà gidi nínú wa. Fóònù ni gbogbo wa fi ń yà.

A ní òfin kan. Bí o bá ya fọ́tò, wàá kọ́kọ́ gbé e síta bó ṣe wá, láìfọwọ́ kàn án. Tútù là ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá wù á á mú tútù yẹn, á lọ sè é: á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, á nu ìdọ̀tí kúrò, á gé etí rẹ̀ kó dọ́gba. Gimp la fi ń sè é, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n Bánjí fà wálẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá di Sátidé, ẹni tó ya fọ́tò á yan èyí tó jinná jù, Ẹ̀gbọ́n Bánjí á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù káráyé rí i.

Ká má parọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sè tó mi.

Inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rí ọkùnrin náà. Oníbàárà kan ló ní ká tẹ fọ́tò rẹ̀ nígbà kan, tí kò padà wá gbà á. Ọkùnrin náà dúró ti ọ̀kadà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì onílà búlúù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ kan họ ìpàkọ́. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ìdúró rẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Mo gé e kúrò lára ọ̀kadà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ eegun lára ẹja. Mo gbé e sí ẹ̀yìn lékèélékèé tí Tísà Akínladé yà, kékeré, ní ọ̀ọ́kán nínú pápá.

"Tísà," Kòkúmọ́ kọ̀wé, "ta ni bàbá tó ń wo ẹyẹ yín?"

"Bàbá wo? Èmi nìkan ni mo wà lóko yẹn."

"Ẹ wo ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ dáadáa."

"Áà! Ta ló ṣe èyí?"

N kò dáhùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà wà lórí táǹkì omi níbi ìsọmọlórúkọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tò sórí ìlà ní báńkì. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀gbẹ́ni Mo-Wà-Ńbẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ò tún fẹ́ràn nǹkan míì mọ́ ju kí wọ́n máa wá a kiri inú fọ́tò. Mo ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń fọwọ́ bo ẹnu.

Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọjà Tube. Kòkúmọ́ ló yà á lọ́jọ́ tí ọjà dá páropáro nítorí bọ́dà. Mo gbé Mo-Wà-Ńbẹ̀ sáàárín ìsọ̀ méjì. Mo fún un ní òjìji, mo fi díẹ̀ lára eruku ọjà sí i lẹ́sẹ̀. N kò sọ fẹ́nì kankan. Kòkúmọ́ fúnra rẹ̀ yàn án, kò rí i. Ẹ̀gbọ́n Bánjí tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn ò rí i. Ó wà lára ilẹ̀kùn, gbogbo Ìlaró ń kọjá níwájú rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀.

Oṣù Nòfẹ́ńbà ni màmá kan dé láti Ìdógò, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù. Ẹ̀gbọ́n Bánjí kò sí nílé, wọ́n ti wá epo jẹnẹrétọ̀ lọ, nítorí epo bẹntiróò ti di góòlù lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn.

Màmá náà kò wọlé. Wọ́n dúró síbi ilẹ̀kùn.

"Husain," wọ́n ní, ohùn wọn kéré. "Wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," ni ọmọ náà wí. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Ó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ di ògiri mú. "Wallahi, Nàfíù ni. Màmá, Ẹ̀gbọ́n Nàfíù ni!"

Bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó, màmá náà kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí mi nìyẹn."

Husain ló ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ọ̀kadà ṣe fàyàwọ́, ìrẹsì ló ń gbé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti bọ́dà ló jáde nílé, kò padà, kò pè. Sójà ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn.

"Wọ́n ní ó ti kú," Màmá Nàfíù wí. "Gbogbo àdúgbò ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe fídáù rẹ̀. Mo ní rárá, mo ní ọmọ mi wà láyé." Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn le nítorí gààrí yíyan. "Ọmọ mi, nígbà wo ni wọ́n ya fọ́tò yìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ibí yìí ni mo ti lè là. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn ni mo nílò. "Màmá, eré ni." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo oúnjẹ lẹ́yìn ààwẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá," mo ní.

Mo sọ fún ara mi pé n kò purọ́. Ọjà ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kòkúmọ́ sì ya ọjà náà lóòótọ́.

Wọ́n fi èékánná ṣí fọ́tò náà kúrò lára ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìborùn wé e. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí n kò fi mọ ibi tí n ó gbójú sí. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Bánjí dé, mo ní atẹ́gùn ló ya fọ́tò lọ.

Màmá Nàfíù padà wá. Wọ́n gbé gààrí tó kúná wá fún mi nínú ike.

"Ìwọ lo fi ọmọ mi hàn mí," wọ́n ní. "Ṣé òmíràn ò tíì dé? Èyí tó sún mọ́ ọn díẹ̀, kí n rí ojú rẹ̀ dáadáa."

"Kò tíì dé, Màmá."

Wọ́n rọra mi orí. Wọn ò bínú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn níbi tí fọ́tò náà wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni n kò lè fara dà. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá ti jẹ́wọ́.

"Ẹ padà wá lẹ́yìn Jímọ̀," mo ní.

Bí mo ṣe tún un sè nìyẹn. Gáréèjì Ìpókíà ni mo gbé e sí lọ́tẹ̀ yìí, láàárín ọkọ̀ akẹ́rù kan àti ògiri. Àyè náà há, ni mo bá fún un pọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wọ̀ ọ́. N kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ń sè é láìrẹ́rìn-ín.

Màmá gba fọ́tò náà, wọ́n gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ó ti rù," wọ́n ní.

"Ẹ̀n?"

"Ọmọ mi ti rù. Wo ejìká rẹ̀. Nígbà tó wà ní Tube, kò rí báyìí." Wọ́n tún wò ó. "Ẹ̀wù kan náà ló sì wọ̀. Láti Tube dé Ìpókíà, ẹ̀wù kan náà. Ó tún ń họ orí. Àfi kí iná orí ti bò ó, kò rí ẹni bá a fá a."

"Bóyá ẹ̀wù tó fẹ́ràn ni, Màmá."

"Nàfíù kẹ̀? Nàfíù tí kì í wọ aṣọ àná? Tó máa ń bá mi wí pé ìró mi ti ṣá?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, a ń fi Nàfíù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi etí ìborùn nu ojú.

"Ìyà ń jẹ ẹ́," wọ́n ní. "Ojú ń tì í láti wálé."

Nígbà tí wọ́n tún yọ, ara wọn yá gágá. "Husain ti lọ!"

"Ó ti lọ síbo?"

"Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo di aṣọ fún un, mo fi ọṣẹ sí i, mo fi abẹ ìfárí sí i. Mo ní tí kò bá rí i ní Tube àti Ìpókíà, kó sọdá."

"Màmá! Sójà wà lọ́nà o! Wọ́n ti bọ́dà pa!"

"Sójà kì í dúró lórí omi. Ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀."

Mo ṣàdédé jókòó sórí páálí ìwé. Wọ́n bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni Nàfíù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi láìjẹ́ pé mo gbé e. Bí mo bá ń ya pásípọ́ọ̀tù, màá rò pé ìlà búlúù kan kọjá lẹ́yìn oníbàárà. Màá fa fọ́tò náà tóbi, màá wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ funfun tá a ta sẹ́yìn nìkan ni màá rí. Lójú títì, bí ẹnì kan bá gbọ́wọ́ sókè họ ìpàkọ́, màá tẹ̀ lé e títí màá fi rí ojú rẹ̀. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà míì. Mo ní, "Jọ̀ọ́, ìwọ náà, níbo lo wà gan-an?"

Ohùn Kòkúmọ́ ló tú mi fó. Ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù, Ẹ̀gbọ́n Bánjí sì tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ sókè lójú gbogbo oníbàárà.

"Ẹ̀yin Ojú Yewa, ta ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ọmọkùnrin kan wá bá mi lóko, ó mú fọ́tò ọjà mi dání, ó ní kí n fi ẹ̀gbọ́n òun han òun. Mo wò ó títí. Mo-Wà-Ńbẹ̀ ni o! Mo-Wà-Ńbẹ̀ tá a fi ń ṣeré! Mo ní kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní irọ́ ni mo ń pa, pé mo fi ẹ̀gbọ́n òun pamọ́. Ó ti wọkọ̀ ojú omi sọdá. A sì gbọ́ ìbọn lápá ibẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Oníbàárà kan ní, "Subhanallahi."

Ẹ̀gbọ́n Bánjí kò wo fóònù mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Toheebat."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Gbé tútù ọjà Tube wá."

Mo ṣí i. Mo ṣí sísè náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjà kan náà, ìsọ̀ kan náà. Nínú ọ̀kan, Nàfíù ń rẹ́rìn-ín. Nínú èkejì, kò sí i.

"Ìwọ ni?"

"Eré ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo bi ọ́, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Mo ń retí ìfọ́tí. Ká ní wọ́n fọ́ mi létí, ara ìbá tù mí. Wọ́n ní káwọn oníbàárà máa lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan.

"Ẹni tí o gé yẹn," wọ́n ní, "ṣé o bi ẹnikẹ́ni bóyá ó wà láyé?"

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ màmá Ìdógò náà fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Bánjí lọ sí Ìdógò lọ́jọ́ náà láti jẹ́wọ́ dípò mi. Màmá Nàfíù ò gbà. Wọ́n ní Bánjí ò tilẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ táwọn rí fọ́tò, kí ló mọ̀? Ni gbogbo wa bá jókòó, a ń retí Husain. Mo gba ààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n gbà. Mo bẹ Ọlọ́run pé bó bá ṣe ìbọn yẹn ló bá a, kó pa èmi náà.

Husain padà. Ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹrù aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe dì í.

Ó sá fún sójà, ó tún sá fún jándáàmù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ìlú kejì. Ó dé abúlé apẹja kan ní etí omi, ó fi fọ́tò hàn wọ́n. Ọlọ́kọ̀ kan wo ojú Nàfíù nínú fọ́tò. Ó mú Husain lọ sábẹ́ igi kan lẹ́yìn abúlé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti bọ́dà gan-an ni omi gbé òkú ọlọ́kadà kan wá bá wọn. Wọ́n rí i pé Mùsùlùmí ni, wọ́n sin ín bó ti yẹ. Wọ́n yọ òrùka ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ de ẹni tó bá máa wá béèrè.

Òrùka náà ni Husain gbé lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wọ́n jí òrùka rẹ̀ ni," Màmá wí. "Nàfíù wà láyé. Ẹ wá wo fọ́tò."

Ìgbà yẹn ni Husain fúnra rẹ̀ wá mú mi.

Nígbà tá a dé Ìdógò, Lèmọ́ọ̀mù àti àwọn àgbààgbà ti jókòó lágbàlá. Wọn ò lè ṣe fídáù ẹni tí ìyá rẹ̀ ní kò kú. Màmá Nàfíù jókòó sórí àpótí. Wọ́n ń tún aṣọ Nàfíù ká, èyí tí Husain gbé lọ tó gbé bọ̀.

"Ọmọ Ìlaró dé!" Lábísí, àbúrò Màmá, pariwo. "Ẹlẹ́rìn-ín! Wá rín èyí náà ká gbọ́!"

"Fi í sílẹ̀," Màmá wí. "Òun ló fi ọmọ mi hàn mí."

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo fi í síbẹ̀. N kò mọ Ẹ̀gbọ́n Nàfíù rí. N kò mọ̀ pé ọmọ yín ni."

"Wọ́n ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ ni."

"Rárá, Màmá."

"Wọ́n dẹ́rù bà ọ́ ni. Mo ti mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n Bánjí gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sórí àpótí míì níwájú wọn. Mo ṣí ọjà Tube. Ìpele ìpele ni Gimp fi ń to nǹkan, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ léra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, àwòrán ojú kékeré kan wà. Bí èèyàn bá tẹ ojú náà, ìpele yẹn á pòórá.

Mo tẹ̀ ẹ́. Nàfíù pòórá.

Igbe tí màmá náà ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. "Dá a padà! Ọmọ, dá a padà!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó padà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń họ ìpàkọ́. Màmá mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní, "Tún tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n na ọrùn síwájú. Níbi tí àyà Nàfíù wà tẹ́lẹ̀, ọmọdébìnrin kan jókòó sórí agbada tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń jẹ ìrèké.

"Ta ni ọmọ yẹn?"

"Ọmọ ìyá tó ń ta tòmátì ni, Màmá. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Nàfíù ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀."

"Fún mi."

Mo fi ìka wọn lé e. Wọ́n tẹ̀ ẹ́: Nàfíù dé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́: ọmọdébìnrin náà ń jẹ ìrèké. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Lèmọ́ọ̀mù gbójú sílẹ̀.

"Ọmọ yìí ò dìde níbẹ̀ rárá," wọ́n wí.

"Kò dìde, Màmá."

"Ọmọ mi ò dé ibẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fi ọmọdébìnrin náà sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ Nàfíù lé ẹsẹ̀. "Alúfà," wọ́n ní, "ẹ máa ṣe àdúrà yín." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bú sẹ́kún.

Wọ́n ṣe fídáù. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń fọ abọ́, kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é, kò sì sẹ́ni tó lé mi. Màmá Nàfíù fúnra wọn bu sàárà fún mi bíi ti gbogbo èèyàn. Mo gbé oúnjẹ náà dé Ìlaró, n kò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fọ́tò ṣeré bíi tèmi, n kò ní kẹ́ ẹ má ṣeré mọ́. Èmi náà ṣì ń ṣeré. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, àìsàn á ṣe mí. Ṣùgbọ́n ojú tí ẹ bá fẹ́ gé, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá. Ojú tí kò já mọ́ nǹkan kan fún yín, ẹnì kan lè wà tó ń sùn tó ń jí lé e lórí.

Lẹ́yìn fídáù, Husain wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Màmá ní kí n bi ọ́, ṣé ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà?"

"Bá mi sọ fún wọn pé màá pa á rẹ́ lónìí. Dúró, kó ṣojú rẹ."

Ó mi orí. "Wọ́n ní kí o má pa á rẹ́. Wọ́n tún ní o ò gbọ́dọ̀ fi han àwọn mọ́, kódà kí àwọn fúnra wọn wá bẹ̀ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Màmá Nàfíù ti wá bẹ̀ mí nígbà kan, lórí ìkúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, lójú ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé.

Mo ní, "Màmá, kò sí iná."